Ìmọ́lẹ̀ Tí Ojú Kò Rí

Ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i kò tóbi ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Wọ́n fi ọ̀rá dúdú wé e, wọ́n fi tìmùtìmù há a mọ́ra nínú páálí, àfi bíi pé ẹyin ni. Obìnrin náà gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ sẹ́yìn. Kò tíì fẹ́ ṣí i. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ti lù, oòrùn ti yọjú wọlé láti ojú fèrèsé, síbẹ̀ òtútù ń mú un.

Ilé ìwòsàn ojú ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe dókítà, kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Òun ló ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe, ó sì ti di ọdún kọkànlá tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Àǹtí Ẹnjiníà ni gbogbo wọn ń pè é, àtọ̀gá àti ẹni tó ń gbálẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n gbé e lọ bá a ní yàrá tó wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ máa ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á ní bí ilé bá ń wó lọ, ọwọ́ yẹn kò ní gbọ̀n. Lọ́jọ́rú yìí, ọwọ́ náà ń gbọ̀n.

Dáyóòdù lésà ni nǹkan inú páálí yẹn ń jẹ́. Òun ló ń bí ìmọ́lẹ̀ tí dókítà fi ń jó iṣan tó bá fẹ́ ṣẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú. Èyí tó wà nínú ẹ̀rọ wọn ti kú láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé àwọn tó ń dúró de ẹ̀rọ náà, bàbá tó bí i lọ́mọ ni.

Onírédíò ni bàbá náà nígbà tí ara ṣì gbà á. Ogójì ọdún ló fi tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, ibẹ̀ sì ni ọmọ rẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń di irin sódà tí wọ́n fi ń yọ́ léèdì láti jó wáyà mọ́ra mú, nígbà tó jẹ́ pé bó bá jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ilẹ̀. Aláwàdà ni. "Ìyá mi" ló máa ń pe ọmọ yìí. Bó bá pè é lórúkọ, a jẹ́ pé inú ń bí i. Ìtọ̀ ṣúgà ló wá bá a fínra. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ó jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní ta ló fa aṣọ dúdú bo fèrèsé apá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó fa aṣọ kankan. Ojú ọ̀tún ló lọ bẹ́ẹ̀, kò sì padà mọ́. Ó wá ku òsì nìkan.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó tún ní òun ń rí nǹkan bí òwú aláǹtakùn tó ń léfòó kiri níwájú òun. Ó ní aláǹtakùn ti kó wọnú orí òun láìtọrọ àyè. Ọmọ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ dókítà. Dókítà wo ẹ̀yìn ojú náà títí, ó wá jókòó, ó ní:

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àwọn iṣan tín-ín-rín kan ti ń hù lẹ́yìn ojú Bàbá, irú èyí tí kò yẹ kó hù. Bí mo bá tètè fi lésà jó wọn, wọ́n á gbẹ. Bí wọ́n bá bẹ́ kí n tó jó wọn, mi ò lè ṣèlérí fún yín."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀rọ lésà wọn kú. Ilé ìwòsàn tó tún ní irú rẹ̀, ìrìn ọjọ́ kan àtààbọ̀ ni, àwọn tó sì ti wà lórí ìlà níbẹ̀ á gbà tó oṣù mẹ́rin kó tó kan ẹlòmíì. Obìnrin náà tú ẹ̀rọ tiwọn palẹ̀, ó wá ohun tó pa á títí ó fi rí i. Ó kọ̀wé síbi tí wọ́n ti ń ta dáyóòdù. Wọ́n ní ẹyọ kan ló kù lọ́wọ́ àwọn, òmíràn kò ní í dé fún oṣù méjì ó lé. Ẹyọ kan ọ̀hún ló wà lórí tábìlì yìí.

Ó tún ka ìwé tó bá a wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Iná tó máa ń ta pàrà lára aṣọ nígbà téèyàn bá ń bọ́ ọ, ìyẹn tó láti pa dáyóòdù yìí. Irin sódà tó bá pẹ́ díẹ̀ lára ẹsẹ̀ rẹ̀ á pa á. Iná tó bá ṣẹ́ kù sínú bọ́ọ̀dù tí wọ́n fẹ́ so ó mọ́ á pa á kí ojú tó ṣẹ́. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n wá fi lẹ́tà pupa kọ ọ́ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde nínú rẹ̀ kò ṣeé fojú rí, àmọ́ ó lè fọ́ ojú.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló ń dẹ́rù bà á jù. Ọ̀gá tó kọ́kọ́ gbà á síṣẹ́ ti fara gbá ìjàǹbá rẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni ọ̀gá náà fi bojú wo ibi tí kò yẹ. Kò rí iná, kò sì dùn ún. Láti ọjọ́ náà, bó bá wo èèyàn lójú, etí ẹni náà méjèèjì ló máa ń rí. Àárín á ṣófo. Ó sọ fún un nígbà kan pé òun ò mọ bí ìyàwó òun ṣe ń rẹ́rìn-ín mọ́, àfi kóun yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Obìnrin náà fọ ọwọ́ rẹ̀. Ó so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́, okùn tó máa ń gbé iná ara lọ sínú ilẹ̀. Ó kọjú sí bọ́ọ̀dù tó máa fún dáyóòdù níná, ó tú gbogbo iná inú kapásítọ̀ rẹ̀, ibi tí iná máa ń ṣẹ́ kù sí, dànù, ó fi mítà wò ó, ó rí òdo. Kò gbà á gbọ́. Ó tún un wò lẹ́ẹ̀mejì sí i. Lẹ́yìn náà ló wá ṣí ọ̀rá dúdú yẹn.

Dáyóòdù náà ń dán yinrin, ẹsẹ̀ méjì ló ní, wọn kò nípọn ju irun ojú lọ. Ó fi wáyà bàbà tín-ín-rín kan so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀, kí iná má baà rí àyè sáré gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tó bá ń jó o. Ó fi ẹ̀mú kékeré gbé e sórí irin tí yóò máa fa ooru rẹ̀, ó dè é mọ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà yìí, kò mí dáadáa. Bó bá wo dáyóòdù náà lábẹ́ gíláàsì ńlá, ojú bàbá rẹ̀ ló ń rí.

Ó fi irin sódà jó ẹsẹ̀ kìíní mọ́ bọ́ọ̀dù. Léèdì yọ́, ó yí ẹsẹ̀ náà ká, ó dán bí omi. Ó gbé irin kúrò.

Ẹsẹ̀ kejì ló kù. Ó ti fi irin kàn án, léèdì ti ń yọ́, ni nọ́ọ̀sì kan bá ti kẹ̀kẹ́ oògùn kọlu ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Gbàgà! Ọwọ́ rẹ̀ fò. Kò ju ìwọ̀n irun kan lọ, ṣùgbọ́n ìgbà tí léèdì ń dì gan-an ni. Nígbà tó fi gíláàsì wò ó, ojú léèdì náà kò dán. Ó ṣú, bí irin tí eruku bà lé.

Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Kó tún un jó ni. Àmọ́ ó ro ooru ẹlẹ́ẹ̀kejì tó máa wọ inú nǹkan kékeré yìí, ó ro oṣù méjì, ó ro òwú aláǹtakùn. Ó fi ẹ̀mú fa ẹsẹ̀ náà díẹ̀. Kò tú. "Ó ti mú," ó sọ fún ara rẹ̀. "Ó ti mú, ó ti mú." Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó wá kan àtidán an wò. Ó yọ wáyà bàbà tó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó gbé gíláàsì tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ síwájú dáyóòdù, ó kọjú rẹ̀ sí mítà tó ń wọn agbára ìmọ́lẹ̀, ó gbé awò aláwọ̀ ewé wọ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ náà kò lè là kọjá. Ilẹ̀kùn yàrá náà kò ní ìdè tí wọ́n fi ń tì í. Ìdè rẹ̀ ti já láti oṣù tó kọjá, káfíńtà sì ń sọ pé ọ̀la lòun ń bọ̀. Nítorí náà ló ṣe gbé pátákó pupa kọ́ sára ilẹ̀kùn níta: ẸNI KẸ́NI KÒ GBỌDỌ̀ WỌLÉ. Ó tan iná.

Nǹkan kan kò yí padà nínú yàrá. Kò sí ariwo, kò sí àwọ̀ kankan. Nọ́ńbà ojú mítà nìkan ló ń gòkè: ogún, ọgọ́rin, ọgọ́jọ, igba. Ó dúró lórí igba. Igba náà ni ìwé sọ pé kó jẹ́. Ó na ọwọ́, ó fẹ́ yí gíláàsì iwájú díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ náà lè kó jọ dáadáa. Bó ti yí i, irin tó gbé dáyóòdù dúró yẹ̀ sápá kan. Nọ́ńbà já wálẹ̀, ó di òdo.

Òdo ojú mítà kò túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ ti kú. Ohun tó ń wí ni pé ibòmíràn ni ìmọ́lẹ̀ náà wà.

Ibi tí ẹ̀rọ náà kọjú sí báyìí, ilẹ̀kùn ni. Ilẹ̀kùn náà sì ṣí.

"Ìyá mi, ṣé o ò tíì ṣe tán?"

Bàbá rẹ̀, tí wọ́n ní kó jókòó dúró de ẹ̀rọ náà, ló dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ògiri, ó na ọrùn síwájú bí ìṣe rẹ̀ tó bá fẹ́ rí nǹkan dáadáa. Ó la ojú òsì yẹn sílẹ̀ kedere.

Obìnrin náà kò mọ ìgbà tó fa wáyà iná yọ lára ògiri. Ó kàn rí i pé ó ti wà lọ́wọ́ òun, àga sì ti ṣubú. Ariwo tó pa, òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé òun ló pa á.

"Ẹ dijú! Bàbá, ẹ dijú yín!"

"Kí ló dé? Kí ni mo ṣe?"

"Ṣé ẹ ò rí pátákó tó wà lára ilẹ̀kùn ni?"

"Pátákó wo?" Bàbá náà dijú, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń wá ọ̀nà nínú òkùnkùn. "Ṣé èmi ni mo lè ka nǹkan tó wà lára ilẹ̀kùn?"

Pátákó ni ọmọ rẹ̀ gbé dí ọ̀nà fún ẹni tó ku díẹ̀ kó fọ́jú. Ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó bi í bóyá ó rí iná kankan, bóyá nǹkan ta á lójú. Bàbá ní òun ò rí nǹkan kan, kò sì sí ohun tó dun òun. Ó yẹ kí ìdáhùn yìí fi í lọ́kàn balẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ ṣe wí gẹ́lẹ́ nìyẹn, lọ́rọ̀ kan náà.

Ó mú un lọ bá dókítà, ó sì sọ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ náà kọjú sí. Dókítà kò bá a wí. Ó kàn ní kí wọ́n kán oògùn tó ń la ẹyinjú sí Bàbá lójú, kí wọ́n jókòó fún ogún ìṣẹ́jú kí oògùn náà ṣiṣẹ́.

Ogún ìṣẹ́jú yẹn gùn ju ọdún lọ. Orí bẹ́ńṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí. Àwọn èèyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀, bàtà wọn ń dún lórí ilẹ̀ títẹ́. Mátírọ̀nù, obìnrin gbọ̀ǹgbọ̀nràn kan tó jẹ́ olórí àwọn nọ́ọ̀sì, gbé omi wá fún wọn. Omi náà dà sí Àǹtí Ẹnjiníà láṣọ, kò lè gbé e dé ẹnu.

"Bàbá," ó ní, "ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé mo ti fọ́ ojú yín."

Ọmọ rẹ̀ ń dúró de àwàdà. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Á ní ojú tó ti gbó tẹ́lẹ̀, kí ni wọ́n ń fọ́ nínú rẹ̀. Àwàdà náà kò wá.

"Ṣé o mọ ìdí tí mo fi wọlé?" bàbá náà bi í. "Wọ́n ní kí n jókòó, mo sì jókòó. Mo wá ń wo ògiri iwájú mi. Ògiri funfun ni, àbí?"

"Funfun ni, sà."

"Mo rí i tó ń pọ́n. Díẹ̀díẹ̀, láti ìsàlẹ̀. Mo ní bóyá wọ́n kùn ún lọ́dà bẹ́ẹ̀ ni. Mo yí orí, pípọ́n náà tẹ̀ lé mi. Ẹ̀rù bà mí, Ìyá mi. Mi ò fẹ́ kó bá mi níbi tí mi ò ti mọ ẹnì kankan. Ìwọ ni mo ń wá bọ̀."

Obìnrin náà kò tíì gbọ́ ọ rí kí bàbá rẹ̀ ní ẹ̀rù ń ba òun. Ó gbá ọwọ́ náà mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi pè wọ́n.

Dókítà tan iná kékeré sínú ojú náà. Ó ní kí Bàbá wo òkè, kó wo ilẹ̀, kó wo ọ̀tún, kó wo òsì. Obìnrin náà dúró ti ògiri, ó ń ka èémí ara rẹ̀. Níkẹyìn dókítà gbé orí sókè.

"Lésà kò bà á. Kò sí ojú ìjóná kankan níbẹ̀."

Ó fẹ́ dúpẹ́, àmọ́ dókítà ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ.

"Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn iṣan yẹn ti ń jò. Láàárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀. Níbi tó dé nísinsìnyí, mo ṣì lè rí ọ̀nà jó àwọn tó kù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá bo gbogbo ẹ̀yìn ojú tán, mi ò ní í rí nǹkan kan mọ́. Òní ni, Àǹtí. Ẹ̀rọ yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti ń ṣiṣẹ́?"

Gbogbo wọn kọjú sí i. Mátírọ̀nù wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì méjì wà níbẹ̀, bàbá rẹ̀ jókòó lórí àga, ojú rẹ̀ ń ṣomi. Igba ni mítà wí. Igba náà ló yẹ kó wí. Bó bá ní ó ń ṣiṣẹ́, kò parọ́. Àmọ́ ojú léèdì tó ṣú yẹn wá sí i lọ́kàn.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ó ní, "àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀ sí i. Ẹsẹ̀ kan wà tí mi ò jó dáadáa. Mo mọ̀ pé kò dára, ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi gbójú fò ó. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

"Àǹtí, bí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá…"

"Mo gbọ́, sà. Ẹ fún mi ní wákàtí kan."

Dókítà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo Bàbá. "Wákàtí kan," ó ní. "Ẹ gbé Bàbá jókòó, kí orí rẹ̀ wà lókè, kí ẹ̀jẹ̀ náà lè máa rọ̀ sísàlẹ̀."

Obìnrin náà ti yí ẹ̀yìn padà nígbà tí bàbá rẹ̀ pè é.

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti nípọn tó?"

"Bí irun ojú."

"Fi ẹ̀mú di ẹsẹ̀ náà mú láàárín, láàárín ibi tí o fẹ́ jó àti ara rẹ̀. Ẹ̀mú yẹn ló máa gbé ooru mì. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré. Bí kò bá yọ́, gbé irin kúrò, jẹ́ kó tutù, má bá a jà." Ó gbé ìka sókè. "Kí o sì mí síta kí o tó fọwọ́ kàn án. O kì í mí tí o bá ń ṣiṣẹ́. Láti kékeré ni."

Lọ́tẹ̀ yìí Mátírọ̀nù fúnra rẹ̀ gbé àga, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ náà níta, ó jókòó gbà á. "Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kó kọ́kọ́ gbé mi kúrò ná," ó ní. "A ó sì mọ ẹni tó jẹ ẹran láàárọ̀ yìí."

Kó tó tú ohunkóhun, obìnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ mọ òótọ́. Ó gbé awò wọ̀, ó kọjú dáyóòdù sí mítà, ó dè é kó má lè yẹ̀ mọ́, ó tan iná. Igba. Ó mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi rọra kan ẹsẹ̀ kejì, kò le ju bí èèyàn ṣe ń kan ilẹ̀kùn ẹni tó ń sùn.

Nọ́ńbà di òdo. Kí ó tó ṣẹ́jú, ó fò sókè: irínwó ó lé. Ó padà sórí igba, ó jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́, bíi pé òun kọ́ ló ṣe é.

Ó pa iná. Ó fọwọ́ ti tábìlì. Ó rí i lójú ọkàn rẹ̀: bàbá rẹ̀ gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ, dókítà fẹsẹ̀ tẹ bọ́tìnì ilẹ̀ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ náà, ẹnì kan fara gbún tábìlì, ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kó jẹ́ igba sì di ìlọ́po méjì nínú ojú kan ṣoṣo tó kù fún un. Kò sí ẹni tí ì bá rí i. Wọ́n á kàn ní ojú náà ló burú tẹ́lẹ̀. Ó sáré síbi agbada omi, ó bì.

Ó fọ ẹnu, ó tún ọwọ́ fọ̀, ó padà síbi iṣẹ́. Ó so okùn mọ́ ọrùn ọwọ́. Ó tú iná inú kapásítọ̀ dànù, mítà ní òdo. Ó so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀. Ó fi ẹ̀mú di ẹsẹ̀ kejì mú láàárín gan-an. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, kò sí bí kò ṣe ní í gbọ̀n. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì ti orí tábìlì, ó jẹ́ kí gbígbọ̀n náà mọ sí ibẹ̀. Ó mí síta.

Ọ̀kan. Méjì. Kò yọ́. Gbogbo ara rẹ̀ ń sọ fún un pé kó fi irin náà sílẹ̀ síbẹ̀, ó ku díẹ̀. Ó gbé e kúrò.

Ó dúró títí ó fi tutù. Bí ó ti ń dúró, ó ń gbọ́ ohùn Mátírọ̀nù níta tó ń lé ẹnì kan: "Ẹ lọ bá wọn ní yàrá kẹta, jàre!" Ó fi léèdì tuntun díẹ̀ sẹ́nu irin, ó tún mí síta. Ọ̀kan. Léèdì yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gun ẹsẹ̀ náà, ó yí i ká. Méjì. Ó gbé irin kúrò, kò sì mira títí léèdì fi dì.

Ó dán.

Síbẹ̀, dídán léèdì kò fi hàn pé dáyóòdù ṣì wà láàyè. Ó yọ wáyà tó so ẹsẹ̀ pọ̀, ó wọ awò, ó tan iná. Fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, mítà kò wí nǹkan kan. Ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn, ó ti ń ro bó ṣe máa rìn láti yàrá yìí lọ síbi tí bàbá rẹ̀ jókòó sí, àti ohun tó máa bá a sọ. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ó dé igba. Ó fi igi kàn án. Igba. Ó gbá a lórí. Igba. Ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì, Mátírọ̀nù sì kígbe láti ìta pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tó dá dáyóòdù padà sínú ẹ̀rọ, dókítà kọ́kọ́ dán ẹ̀rọ náà wò lára bébà dúdú. Ogún ihò ló lu, obìnrin náà sì fi gíláàsì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó tóbi ju èkejì lọ. Wọ́n wá gbé Bàbá jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó gbé àgbọ̀n lé e, nọ́ọ̀sì di orí rẹ̀ mú lẹ́yìn. Gbogbo wọn wọ awò. Obìnrin náà dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, ó fi ìka lé bọ́tìnì pupa tó lè pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ojú rẹ̀ kò kúrò lára nọ́ńbà.

Ohun tó ń dún nínú yàrá kò ju tí, tí, tí lọ.

"Háà!" Bàbá ké.

Ìka rẹ̀ ti tẹ bọ́tìnì náà dé ìdajì.

"Ẹ fara balẹ̀," dókítà ní, kò gbé orí. "Ó máa ń ta èèyàn níbẹ̀ yẹn. Bàbá, ṣé ẹ lè fara dà á?"

"Mo lè fara dà á. Ẹ máa jó o lọ."

Ó lé ní ẹgbẹ̀rin ìgbà tí ẹ̀rọ náà dún. Nọ́ńbà kò yẹ̀ kúrò lórí èyí tí dókítà yàn. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ìka obìnrin náà kò fẹ́ nà mọ́, ọwọ́ kejì ló fi tú u kúrò lórí bọ́tìnì.

Fún bí ìdajì wákàtí, Bàbá kò rí nǹkan kan àyàfi òkùnkùn, nítorí iná tí wọ́n ti tàn sí i lójú. Dókítà ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Kò sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ létí. Bàbá àti ọmọ jókòó lórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ nínú ọwọ́, títí bàbá náà fi ní, "Aṣọ rẹ tutù."

"Omi ló dà sí i, sà."

"Mo rí i," ó ní.

Obìnrin náà bojú, ó sunkún, kò jẹ́ kó dún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ó mú ìwé ńlá tí wọ́n ń kọ ìtọ́jú ẹ̀rọ sí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun dán lésà wò nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ìdè, àti pé òun mọ̀ọ́mọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀ tí òun mọ̀ pé kò dára. Mátírọ̀nù ní kí ló dé tó fẹ́ kó bá ara rẹ̀, ṣebí gbogbo rẹ̀ já sí ire. Ó kọwọ́ bọ̀wé, ó sì gbé e lọ fún ọ̀gá àgbà. Wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀. Wọ́n fún káfíńtà náà ní tirẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn náà, dókítà ní àwọn iṣan yẹn ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tó jò sì ti ń fà. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan padà sípò. Bàbá kò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́ dáadáa, ó máa ń fi itan gbá etí tábìlì, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, ó di dandan kí wọ́n fà á lọ́wọ́. Àmọ́ ó ń rí ojú èèyàn, ó ń ka ìwé ìròyìn bó bá gbé e súnmọ́ imú.

Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ dókítà yìí ni ọmọ rẹ̀ tó sọ irínwó yẹn fún un. Wọ́n ti délé, wọ́n jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó sọ bí ó ṣe fi igi kan ẹsẹ̀ dáyóòdù náà, bí nọ́ńbà ṣe fò, àti bó ṣe ku díẹ̀ kó wí fún dókítà pé kò séwu.

Onírédíò ni, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́ ṣàlàyé fún un nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ó wá fi ọwọ́ bo ojú òsì rẹ̀, bí ẹni tó ń dì í mú kó má baà bọ́, ó sì pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ.

"Sà?"

"Má ṣe ìyẹn mọ́."

"Mi ò ní í ṣe é mọ́, sà."

Wọ́n jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Obìnrin náà dìde, ó na ọwọ́ sí i, bàbá rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, wọ́n sì wọlé.